Epo Tí Idà Ń Mu

Epo ni wọ́n ń pe gbogbo wọn.
Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ìyàwó mi, tó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
epo ni.
Èyí tí mo rà ní ilé epo, tó ń rùn fùù, tó ń wá iná kiri,
epo ni.
Ọ̀kan tún wà tí kò ní iṣẹ́ méjì láyé
ju kó lẹ̀ mọ́ ṣéènì tó ń sáré, kó má sì jábọ́.
Ìyẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí, Ọwọ́ṣẹni.
Gbé ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀. Jókòó sórí kùkùté.

Ihò méjì ló wà lára rẹ̀:
ọ̀kan fún bẹntiróò, oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn;
ọ̀kan fún epo idà, itọ́ ẹnu rẹ̀ nìyẹn.
Ṣé o ti gbé òkèlè uyán mì rí láìlọ́bẹ̀?
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí fún eyín ṣéènì nínú ìrókò
nígbà tí ihò kejì bá gbẹ.

Bámiṣilẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n níbí,
kì í ra epo idà. Ó ní ìnákúnàá ni.
Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ń lọ lálaalẹ́,
a gba ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú lára ọkọ̀ akẹ́rù,
a fi itan òkété dúpẹ́.
"Epo ò ju epo lọ," ni ó máa ń wí.
Ó ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fi ìka méjì rà á wò:
irin kíkúnná ń bẹ nínú rẹ̀,
èyí tí ẹ́ńjìnnì ti há jẹ lára ara rẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́ta.
Ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun póǹpù. Ó ń ha idà.
Ó ń kán sílẹ̀, òjò a gbé e lọ sódò tí ìyá rẹ ti ń pọnmi.

Lọ́jọ́ náà, èéfín ló kọ́kọ́ yọ.
A rò pé igi ló tutù.
Idà yí àwọ̀ padà, ó di aró,
ṣéènì já, ó fò.
Kò pa ẹnikẹ́ni.
Ìka méjì péré ló mú lọ lọ́wọ́ òsì ọ̀gá mi.

Èmi náà ti ṣe tèmi, n kò ní purọ́.
Lọ́dún kan tí owó tán, mo yọ́ wọ ilé ìdáná,
mo bu epo pupa Ìbídùn sínú ẹ̀rọ.
Lọ́sàn-án, ó ṣiṣẹ́! Igbó ń ta sánsán bí ìsọ̀ onídòdò.
Ṣùgbọ́n o mọ ọyẹ́ tiwa, tó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ lóru.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, epo ti dì gbagidi.
Ẹyọ ọwọ̀ ni mo fi ń tú u títí oòrùn fi wọ̀.
Ìbídùn wò mí, ó ní,
"Ṣé ẹ̀rọ yín náà ti ń se ẹ̀fọ́ ni?"

Nítorí náà, bí mo bá rán ọ lọ sí Adó,
má jẹ́ kí ọlọ́jà fi àwọ̀ tàn ọ́.
Ní kó ṣí i. Ti ìka bọ̀ ọ́, fà á sókè:
kó yọ okùn bí ilá àsèpọ̀,
kó má tètè já.
Èyí tó bá já wẹ́rẹ́, ṣéènì á gbọ̀n ọ́n dànù sára ewé.
Nígbà ọyẹ́, èyí tó fẹ́lẹ́ díẹ̀ ni kí o bèèrè;
bí oòrùn bá mú, èyí tó ki.
Yóò dá iye kan lé e tí inú rẹ á bàjẹ́.
Rántí ìka ọ̀gá mi, kí o sanwó.

Ó dáa, dìde. Tan ẹ̀rọ.
Má tíì fi kan igi.
Kọjú ẹnu idà sí kùkùté funfun tí o jókòó lé,
tẹ iná díẹ̀.
Dúró.
Ṣé o rí i?
Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tó ń tàn lórí igi
bí itọ́ ọmọ tó ń hu eyín.
Ebi ti ń pa á. Ó yá.